Ohun Tó Ń Pariwo Lábẹ́ Ọkọ̀ Lè Má Jẹ́ Ṣọ́ọ̀kì: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ṣọ́ọ̀kì Tó Ti Kú Mọ̀ Fúnra Yín

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ọkọ̀ yìí ń sọ." Bí ìyá kan tó ń kó gàrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó ṣe wí fún mi nìyẹn nígbà tó wa Sienna rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ ń dún kọ-kọ-kọ níwájú, lápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ti bá a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì níbòmíràn, owó tó sì san kò kéré rárá. Ariwo kò lọ. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo di lẹ́ńkéèjì ọ̀tún mú, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀kì, mo mì í, ó ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Òun ló ń pariwo látọjọ́ yìí. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí mo bá lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú pátápátá, ọ́ìlì ti ṣàn bò wọ́n, erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn kò sì dún rárá. Orí wọn ni ìyá náà ń di àpò gàrí lé lọ sí Èkó.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì tó kú kì í sábà pariwo, ohun tó sì ń pariwo kì í sábà jẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa ra èyí tí kò bàjẹ́, á sì máa gun èyí tó ti bàjẹ́ lọ. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, iwájú ilé yín lẹ ti lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́, ojú, etí, àkísà kan, tọ́ọ̀ṣì, jáàkì àti sítáǹdì irin ló gbà.

Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe

Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló gbé ọkọ̀ dúró. Sípíríǹgì ló gbé e. Bí táyà bá ko kòtò, sípíríǹgì á sún kì, á sì nà padà. Bí kò bá sí ẹni tó dá a lẹ́kun, á máa fò sókè sódò bí ọmọdé tó gun bẹ́ẹ̀dì fóòmù. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a lẹ́kun. Ọ́ìlì ló wà nínú agolo rẹ̀, ọ̀pá irin kan tó ń dán gbinrin sì ń wọ inú ọ́ìlì náà, ó ń jáde. Písítìn kan wà ní ìdí ọ̀pá yìí tó ní ihò wẹ́wẹ́ àti fáàfù lára. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fipá gba ojú ihò wọ̀nyẹn kí ọ̀pá tó lè rìn, agbára tí ì bá mú ọkọ̀ máa fò á sì di ooru nínú ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní, gáàsì náìtírójìn tún wà níbẹ̀ kí ọ́ìlì má baà hó di fóòmù.

Látinú èyí, ẹ ti lè mọ ohun kan: bí ọkọ̀ yín bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rẹlẹ̀ láìsí ẹrù, sípíríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun nítorí pé ọkọ̀ rẹlẹ̀, ọkọ̀ náà sì rẹlẹ̀ títí dòní.

Ṣọ́ọ̀kì kì í kú lọ́jọ́ kan. Rọ́bà tó dé ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀ á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á máa dín kù, fáàfù á máa rọ. Bó ṣe ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń mọ́ra. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun tí ì bá dẹ́rù bà yín ni ẹ ó máa pè ní "bí ọkọ̀ mi ṣe ń rìn nìyẹn." Nǹkan bí 80,000 kìlómítà ni àwọn tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì sábà máa ń dá pé kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tokunbo wa ló ti rin ju ìyẹn lọ kó tó dé èbúté Èkó, ká tó sọ ti kòtò tiwa.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìtura nìkan ni. Táyà tó bá wà nílẹ̀ ni bíréèkì lè dá dúró. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà á máa fò kúrò lójú títì fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré lórí gbogbo kòtò àti bọ́ǹpù, ibi tí ẹ rò pé ọkọ̀ á dúró sí kọ́ ló máa dúró sí. Ẹ ro ìyẹn lálẹ́, lójú òjò, lọ́nà Ṣàgámù sí Benin, tí tírélà wà níwájú tí òmíràn sì wà lẹ́yìn.

1. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ kó ẹrù inú bútù jáde. Láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ wọn atẹ́gùn táyà, kí ẹ sì fi wé iye tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín 30 sí 35 psi. Àwọn fọ́kánáísà wa kan máa ń fún un dé 40, wọ́n ní kó lè pẹ́. Táyà tó kún jù bẹ́ẹ̀ máa ń ta ọkọ̀ lórí kòtò, èèyàn á sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru ṣọ́ọ̀kì.

Nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù jáde, ẹ wò ó bóyá jáàkì àti táyà ìpamọ́ so mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ti tú ẹ̀yìn ọkọ̀ kan fún wákàtí kan gbáko nítorí ariwo tó jẹ́ pé jáàkì ló ń yí kiri nínú bútù.

2. Ẹ wà á, kí ẹ sì tẹ́tí

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù, kí títì tó kún. Ẹ pa rédíò. Ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ dé ìdajì. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, nítorí etí tó wà níwájú máa ń ṣi ariwo ẹ̀yìn gbọ́.

Lójú ọ̀nà tó dá, tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn yín, ẹ sáré dé nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ sì tẹ bíréèkì ṣinṣin. Imú ọkọ̀ á wólẹ̀ díẹ̀, á sì padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá wá ń mi orí bí alángbá, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sinmi, ṣọ́ọ̀kì iwájú ti rẹ̀.

Ẹ wá bọ́ǹpù. Ẹ rọra gùn ún ní nǹkan bí 15 tàbí 20. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tí ìdí ọkọ̀ gbé sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó ṣe. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí pò, bíi ti Ìnítàṣéǹjì Ṣàgámù, ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ bá sì na sítíárìn tán, bóyá ara rẹ̀ ṣì ń fì.

Ọ̀nà tó dán ló ń tú àṣírí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tuntun ní 2022, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ bí mo bá ń ṣiyèméjì. Ní 80 tàbí 90, láì kọjá 100 tí òfin fi ààyè gba ọkọ̀ aládàáni, ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dá múṣé á dì mọ́lẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ ti kú á máa léfòó bí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, ẹ ó sì rí i pé ẹ ń tún sítíárìn ṣe ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì ńlá bá kọjá lára yín.

Bí ẹ bá padà dé láti ọ̀nà tó ní kòtò, ẹ páàkì, kí ẹ sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan agolo ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún, kí ẹ kan ti òsì. Ẹ rọra o, bíréèkì tó wà nítòsí lè jó yín. Ẹ rántí pé ooru ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ń dà. Bí ọ̀kan bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí èkejì tutù, èyí tó tutù ni kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní èyí, n kò sì tíì rí ọ̀nà àyẹ̀wò tó rọrùn tó o.

3. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀

Gbogbo èèyàn ló mọ èyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń ṣe é dáadáa. Òkè iná iwájú tàbí etí bútù ni kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé, kì í ṣe àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì tí páànù á ti tẹ̀ wọnú. Ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, kí ọkọ̀ bá yín jó, kí ẹ wá jáwọ́ nígbà tó bá wà nísàlẹ̀. Bó bá gbé sókè, tó sì padà sí àyè rẹ̀, ó dára. Bó bá gbé sókè, tó wálẹ̀, tó tún gbé sókè, ó ti kú. Ẹ ṣe ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi ọ̀tún wé òsì.

Ẹ má fi èyí nìkan dájọ́. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú pátápátá ni ó ń mú. Èyí tí agbára rẹ̀ ti dín kù dé ìdajì lè yege, nítorí bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń tẹ ọkọ̀ kò yára tó bí kòtò ṣe ń gbá táyà. Àwọn jíìpù ńlá mìíràn sì wà tí ẹ ó tẹ̀ títí tí wọn kò ní mira.

4. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Ẹ dákun, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi sítáǹdì irin sí i, kí ẹ tún ti táyà ìpamọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó lè gba ọkọ̀ dúró bí nǹkan bá yẹ̀. Ẹ má gbé e lé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Búlọ́ọ̀kù lè fọ́ láìkìlọ̀.

Láìgbé ọkọ̀ rárá, bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀kì iwájú láti ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọ́ìlì ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa tí erùpẹ̀ pupa pọ̀ yìí, ọ́ìlì kì í dúró bí ọ́ìlì. Á fa eruku mọ́ra, á di nǹkan dúdú tó nípọn bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó jó. Ẹ fi èékánná ha á. Bó bá gbẹ tó sì ń bó bí erùpẹ̀ lásán, eruku nìkan ni. Bó bá rọ̀, tó lẹ̀ mọ́ èékánná, tó sì ń rùn bí ọ́ìlì, ó ti ń jò.

Ìyàtọ̀ wà láàárín òógùn àti jíjò. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró sí òkè agolo nìkan, lábẹ́ ibi tí ọ̀pá ti ń jáde, kì í ṣe àrùn. Ọ̀pá máa ń mú ọ́ìlì díẹ̀ jáde bó ṣe ń rìn. Àmọ́ bí ó bá ti ṣàn kọjá ìdajì agolo lọ sísàlẹ̀, tàbí tó ń kán, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi àkísà nù ún mọ́ tónítóní, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ padà wò ó.

Ẹ tún rí i dájú pé ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni ó ti ń wá. Gíríìsì dúdú tó fọ́n ká inú ìbòrí táyà yípo, rọ́bà tó bo orí ṣáàfùtù, irin tó ń yí táyà, ló ya. Omi tó ń ṣàn láti inú ríìmù lọ sísàlẹ̀ lè jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì. Bó bá jẹ́ ìyẹn, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ ibì kankan.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ gbé rọ́bà tó bo ọ̀pá sókè. Kí ọ̀pá náà máa dán bí dígí. Ibi tí ó bá ti dógùn-ún tàbí tó ní ojú ọgbẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti máa gé rọ́bà ọ́ìlì bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Agolo tó bá tẹ̀ wọnú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò, kò dára mọ́, písítìn á máa há sí ojú ibi tó tẹ̀ náà. Ẹ fi ọwọ́ wá òkè àti ìsàlẹ̀ sípíríǹgì pẹ̀lú, nítorí orí rẹ̀ máa ń kán síbi tí ojú kò tó.

5. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa táyà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí táyà kò lè purọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú táyà níbi tó ń tẹ títì, kí ẹ rọra fà á yípo bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. Ẹ di ojú bó bá ṣeé ṣe. Bí ọwọ́ bá ń lọ geere, ó dára. Bó bá ń lọ gẹ́lẹ́-gòkè-gẹ́lẹ́-sọ̀, tí ẹ ń bá ojú tó jin bí àwo kékeré, tí ẹ tún ń bá ojú tó ga, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ yí táyà ká, táyà náà ti ń fò lórí títì. Ibi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹ, ibi tó bá fò kọjá kò jẹ. Bí ẹ bá rí èyí, àfi kí ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i pé bálánsìn táyà pé, ìyẹn pé ìwúwo rẹ̀ dọ́gba yípo, nítorí táyà tí kò ní bálánsìn lè jẹ bákan náà.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ jíjẹ irú mìíràn. Bí inú tàbí ìta nìkan bá jẹ, àláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́, ni kí ẹ wá lọ. Bí àárín bá jẹ, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín sì pé, atẹ́gùn kò tó.

6. Ẹ wá ẹni tó ń pariwo gan-an

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọkọ̀ dún, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ fi irú ariwo àti ìgbà tó ń dún wá olúwa rẹ̀.

Lẹ́ńkéèjì ni afurasí àkọ́kọ́. Òun ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so irin sítábíláísà, ìyẹn irin tó lọ láti ọ̀tún dé òsì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ jù, mọ́ ṣọ́ọ̀kì tàbí mọ́ lówà áàmù, apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ó máa ń dún kọ-kọ-kọ, kíákíá, lórí kòtò wẹ́wẹ́. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ rèé: irin sítábíláísà kì í ṣiṣẹ́ àfi bí táyà ọ̀tún àti òsì bá ń ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gba orí bọ́ǹpù tó gba ojú títì já, tí táyà méjèèjì gùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́ńkéèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Bí ẹ bá wá fi táyà kan ṣoṣo wọ kòtò, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú táyà méjèèjì nílẹ̀, ẹ na ọwọ́ dì í mú, kí ẹ mì í gidigidi. Bó bá dún tàbí tó mì, ẹ ti rí i. Kò wọ́n tó ṣọ́ọ̀kì rárá, pípààrọ̀ rẹ̀ kì í sì í pẹ́.

Búṣì lówà áàmù, rọ́bà tó wà níbi tí áàmù náà ti so mọ́ ọkọ̀, yàtọ̀. Ariwo ẹyọ kan tó wúwo ni, gbì, nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kó máa gbé jíà láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ẹ̀yin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀, kí ẹ máa wo táyà. Bí táyà bá ń sún síwá sẹ́yìn nínú ìbòrí rẹ̀, búṣì ti jẹ.

Ariwo kéékèèké tó ń parẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé bíréèkì, bíréèkì fúnra rẹ̀ ló ń mì nínú ilé rẹ̀.

Èyí tó ń dún nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn láìrìn ńkọ́? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé máúǹtìn, ìyẹn rọ́bà àti irin tó de orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹlòmíràn máa yí sítíárìn lọ, kó máa yí i bọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé sípíríǹgì ń lọ́, tó wá ta pọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bíárìn inú máúǹtìn ti há. Ṣọ́ọ̀kì lè wà dáadáa o, máúǹtìn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.

Ó ku bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé irin tó so ìdí táyà mọ́ lówà áàmù, èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á, kí ẹlòmíràn máa wo bọ́ọ̀lù. Ẹ tún fi irin gígùn gbé táyà náà láti ìsàlẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń mì nínú ihò rẹ̀, ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jáde títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá yọ lójú ìrìn, táyà á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á sì fi imú gbálẹ̀. Bí ẹ bá di ọ̀tún àti òsì táyà mú tó mì, táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn tí gbogbo ìwọ̀nyí bá mọ́, tí ariwo gbọ̀ tó rọ̀ bí ẹni ń lu àpótí òfìfo ṣì ń jáde láti ojú kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ tún ń fò, tí táyà tún jẹ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, nígbà náà ni mo gbà pé ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ń dún. Kódà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ ló tú.

7. Bó bá jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́

Méjì méjì ni kí ẹ pààrọ̀ wọn, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Kò di dandan kí iwájú àti ẹ̀yìn jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tokunbo, ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára tẹ ọ̀pá wọlé, kí ẹ fà á jáde, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó ṣe ń tako yín níbẹ̀rẹ̀ ni kó máa tako yín títí dé òpin. Bí ẹ bá bá ojú kan tí ó ti já wọlé fàì, tí kò sí ohun tó dì í mú, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Èyí tó ní gáàsì á rọra máa gbéra sókè fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Èyí tó jẹ́ ọ́ìlì nìkan kò ní gbéra, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ó ti kú. Ẹni tó bá ní òun á lu ihò sí i, òun á rọ ọ́ìlì tuntun sí i, òun á jó o padà, ẹ má gbà fún un. Rọ́bà tó jẹ ṣì wà níbẹ̀, iná sì lè ràn mọ́ ọ́ìlì inú rẹ̀.

Tuntun náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé fà á jáde bẹ́ẹ̀ ní ìdúró kí wọ́n tó dè é, nítorí ó ti sùn sílẹ̀ nínú páálí fún ìgbà pípẹ́, atẹ́gùn á sì ti wọ ibi tó yẹ kí ọ́ìlì wà.

Bí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ máa wo ọ̀pá tó ń dán yẹn. Bí nọ́ọ̀tì orí bá ń yí tọ̀pátọ̀pá, ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú á fi páláyà di ọ̀pá mú kó lè rí i dè. Mo ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ojú eyín páláyà hàn lára ọ̀pá náà, ó kéré débi pé mo rò pé kò sí nǹkan kan. Kí oṣù kan tó pé, ọ́ìlì ti ń ṣàn. Ọ̀gá mi mú ọwọ́ mi, ó fi ìka mi ra ojú ọgbẹ́ yẹn lọ, ó ra á bọ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn fún oníbàárà. Orí ọ̀pá ní ojú tí sípánà tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré ń wọ̀ láti dì í mú. Kí wọ́n lò ó.

Sípíríǹgì iwájú tí ṣọ́ọ̀kì gba inú rẹ̀ kọjá, irin tí wọ́n fi ń dì í pọ̀ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe okùn tàbí wáyà. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì tí a dì pọ̀ lè fọ́ àgbọ̀n èèyàn. Bí ẹ kò bá ní irin yìí nílé, ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ yín dópin nìyẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó ní in.

Àwọn bóòtù tó gba inú búṣì rọ́bà kọjá, kí wọ́n fi ọwọ́ dè wọ́n ná, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà rẹ̀ kí wọ́n tó dè wọ́n pa. Bí wọ́n bá dè wọ́n pa nígbà tí táyà ń rọ̀ lókè, rọ́bà á ti lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní pẹ́ ya. Bí wọ́n bá ti tú ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹ lọ ṣe àláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, nítorí bóòtù méjì tó dè é mọ́ ìdí táyà lè yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì tó láti jẹ táyà tuntun run.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba bírò, ẹ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù sórí bébà, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá oníGàrí ní kí n kọ tirẹ̀ gàdàgbà, kí òun lè máa rí i láìwọ awò.